Ohùn Yín Ti Ń Lọ Sílẹ̀

Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í pe orúkọ rẹ̀. Àǹtí Yunifọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ àbísọ rẹ̀ níta, ó di ẹ̀ẹ̀kejì kó tó wẹ̀yìn. Yàrá iwájú nílé bàbá rẹ̀ ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú tábìlì ìgéṣọ kan tó gùn bí ilẹ̀kùn, díńgí kan tó ga ju èèyàn lọ, àti okùn tó ta láti ògiri dé ògiri, tí aṣọ funfun àti aṣọ búlúù ń rọ̀ sí. Ó mọ iṣẹ́ náà bí ẹni mowó. Ó mọ̀ pé nọ́ọ̀sì máa ń bẹ̀rẹ̀, ó máa ń nawọ́ sókè, ó sì máa ń sáré, nítorí náà kì í jẹ́ kí abíyá aṣọ há, kì í sì í fi àpò síbi tí bírò á ti máa gún wọn nítan.

Bàbá rẹ̀ náà ní orúkọ ìnagijẹ tiẹ̀. Nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Bàbá Kọ́mà ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe òun ló ń kọ ìròyìn. Òun ló ń ka ohun tí àwọn yòókù bá kọ kó tó lọ sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tó ń fi bírò pupa wá àṣìṣe: àmì tó sọnù, lẹ́tà tó lé, orúkọ èèyàn tí wọ́n kọ ní ìkọkúkọ. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan, ó dá odindi ìwé ìròyìn dúró fún ogún ìṣẹ́jú nítorí kọ́mà kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀, á ní irọ́ ni, pé ìṣẹ́jú méjìdínlógún péré ni.

Kò pẹ́ tó fẹ̀yìn tì ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ojú náà kò dùn ún, ó kàn ń ṣú díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín, bí ìgbà tí èèyàn bá ń rọra ti fèrèsé. Dókítà fún un ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú, oògùn náà sì gbìyànjú, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa pé ọdún mẹ́ta, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji èèyàn nìkan ló kù tó ń rí. Kò lè rí lẹ́tà mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí ṣáájú ìgbà yẹn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin yìí ló kù nílé, òun ló sì di ojú fún un.

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Àǹtí Yunifọ́ọ̀mù á pa ẹ̀rọ, á lọ jókòó ti bàbá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, á ṣí kọ̀ǹpútà alágbèéká sórí itan, á sì máa ka ìwé ìròyìn ọjọ́ náà fún un láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kíkà ọ̀hún kì í ṣe eré.

"Dúró níbẹ̀," bàbá á wí. "Tún un kà."

Á tún un kà.

"Kí ni wọ́n fi sí ìparí? Kọ́mà ni àbí fúlúsítọ́ọ̀pù?"

"Kọ́mà ni, Bàbá."

"Mo mọ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Ta ló wá jókòó sórí àga mi níbẹ̀ yẹn báyìí?"

Láti orí kọ́mà, ọ̀rọ̀ á bọ́ sórí ìròyìn fúnra rẹ̀. Bàbá á ní èyí tí alága ìjọba ìbílẹ̀ sọ kò bójú mu, ọmọ á ní kí ni alága ì bá tún sọ, bàbá á ní òun kò mọ̀ pé alága ni ọmọ òun ń ránṣọ fún báyìí. Bí wọ́n ṣe ń fà á nìyẹn títí wákàtí kan ààbọ̀ á fi di méjì. Ojú ìwé mẹ́fà ni wọ́n máa ń kà lójoojúmọ́, bàbá kì í sì í gbà kí wọ́n fò kankan, títí kan ìkéde ilé títà.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé aago mẹ́rin náà ni àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ àárọ̀ máa ń ṣíwọ́, tí wọ́n á sì yà wá wọ aṣọ wọn wò. Wọ́n á dúró síwájú díńgí, wọ́n á máa pè, "Àǹtí, ṣé ẹ ò sí nílé ni?" Etí kan á wà lọ́dọ̀ bàbá, etí kejì á wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn mìíràn á dúró, àwọn mìíràn á lọ. Ó ń dùn ún.

Lọ́dún yẹn, ilé ìwòsàn tuntun kan gbé iṣẹ́ wá fún un. Àádọ́rùn-ún nọ́ọ̀sì, ẹ̀wù mẹ́ta-mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbà á, ẹ̀rù sì bà á. Ó pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lórí fóònù, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìlú mìíràn.

"Mi ò lè pín ara mi sí méjì," ó wí. "Bí mo bá jókòó ti Bàbá, iṣẹ́ ò ní parí. Bí mi ò bá sì jókòó tì wọ́n, ta ló máa kàwé fún wọn?"

"Ẹ ò ní pín ara yín, Àǹtí mi," àbúrò fèsì. "Ilé iṣẹ́ kan ń ṣe bùráúsà tuntun, ẹ mọ̀ ọ́n, ohun téèyàn fi ń ṣí ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì. Èyí máa ń fi ohùn èèyàn ka ojú ewé síta, ní èdè wa. Wọn ò tíì parí ẹ̀ o. Wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀dà ìdánwò síta kí àwọn èèyàn lè máa lò ó wò, kí wọ́n máa sọ ibi tó kù sí."

"Ohun tí wọn ò tíì parí? Ṣé aṣọ tí mi ò tíì ṣẹ́tí ni kí n gbé fún oníbàárà?"

"Àwọn fúnra wọn sọ pé kò tíì parí. Àṣìṣe ni wọ́n ń wá kiri. Ta lẹ mọ̀ láyé yìí tó mọ àṣìṣe wá tó Bàbá?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí.

Bí wọ́n ṣe gbé bùráúsà náà sórí kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ímeèlì tiẹ̀ ló fi forúkọ sílẹ̀, nítorí bàbá kò ní ọ̀kan. Ìkìlọ̀ kan yọ sójú: ẹ̀dà yìí wà fún ìdánwò, ẹ sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá rí fún wa, a ó máa fèsì sí ímeèlì yín. Ó tẹ "mo gbà" bí gbogbo èèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó sì kọjá. Ó mú bọ́tìnì ẹ̀wù kan, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí bàbá á tẹ̀ kí ohùn náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ó gé jíǹsì bíńtín, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí bàbá á tẹ̀ bó bá fẹ́ fẹnu sọ àṣìṣe tó rí, tí bùráúsà á sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe é. Bàbá fi ìka wá méjèèjì kàn, ó mi orí.

Ìròyìn àkọ́kọ́ tí ohùn náà máa kà, ó fẹnu kọ. "Wọ́n ti fa ọkọ alága lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì," ó wí, láìrẹ́rìn-ín.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó rí èémí mí, ó fọwọ́ wá jíǹsì, ó tẹ̀ ẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí fún kọ̀ǹpútà, bí ẹni ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. "Ọkọ̀ alága ló bàjẹ́, kì í ṣe ọkọ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo àmì orí ọ̀rọ̀. Bí ilé ṣe ń dàrú nìyẹn."

Láti ọjọ́ yẹn, bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò sí bá a ṣe lè pè é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ti ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, á wọ ẹ̀wù tó ní kọ́là, á to bọ́tìnì rẹ̀ dé ọrùn, á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ẹ̀dà tuntun ń dé, bí àṣìṣe tó ti sọ fún wọn bá sì ti ní àtúnṣe, á lu tábìlì pẹ́pẹ́. "Wọ́n gbọ́," á wí. "Wọ́n ti tún un ṣe." Ọmọ náà sì wà níwájú, ó ń wọn èjìká, ó ń fi píìnì há etí aṣọ, ọkàn rẹ̀ fúyẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta, ó dá ọjọ́ fún oníbàárà, kò sì yẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣì máa ń gbé omi lọ fún un, á sì dúró gbọ́ gbólóhùn kan tàbí méjì. Lẹ́yìn náà, omi ló kù, dídúró ò sí mọ́. Nígbà mìíràn bàbá á pè é láti ẹ̀yìn: "Wá gbọ́ èyí." Á ní, "Mo ń bọ̀, Bàbá." Iṣẹ́ á dí i lọ́wọ́, kò ní lọ. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, lọ́nà tí kò sẹ́ni tó kà á. Nígbà tó yá, bàbá ò pè é mọ́.

Ní oṣù kẹrin, ohùn tó ń kàwé lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dé iwájú. Nígbà àkọ́kọ́ kò ju kíkùn lọ. Nígbà tó ṣe, wọ́n ń gbọ́ ọ lójú pópó.

"Àǹtí, ṣé ìpàdé ni wọ́n ń ṣe nílé yín ni?" nọ́ọ̀sì kan bi í.

Ó lọ bá bàbá rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín ohùn yìí kù. A ò gbọ́ ara wa níwájú."

"Ohùn wọn ló ti ń lọ sílẹ̀," bàbá dáhùn. "Láti ìgbà tí ẹ̀dà tuntun yìí ti dé, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan faṣọ bò ó lẹ́nu."

"Ẹ sọ fún wọn nígbà náà."

"Mo ti sọ fún wọn."

Píìnì mẹ́rin ló wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀ yìí, oníbàárà kan sì wà níwájú tó ti bọ́ ẹ̀wù kan tí kò tíì wọ èkejì. Ohùn náà ń dún kíkan-kíkan lójú àwọn méjèèjì, ó ń ro mọ́ ògiri. Ká ní ó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, ì bá bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tí ohun tó ń di òun létí fi ń lọ sílẹ̀ létí ẹlòmíràn. Kò dúró. Lọ́jọ́ kejì, ó ya ilé ìtajà tó wà níkòóríta, ó ra íápíìsì ńlá, irú èyí tó máa ń bo etí méjèèjì bí tìmùtìmù. Bàbá fọwọ́ pa á lára, ó ní ó rọ̀, ó dúpẹ́. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Inú Àǹtí Yunifọ́ọ̀mù dùn sí ara rẹ̀.

Nígbà tí oṣù méjì míì kọjá, ìdáhùn bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lójú ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ ti jẹun?"

"Rárá o, Ọjọ́bọ̀ ni òní."

Ó rò pé ìròyìn ló wà lọ́kàn wọn. Ó tilẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì níwájú, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì àgbà kan tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, tó ní kí wọ́n bá òun tú ìbàdí ẹ̀wù òun.

"Àbúrò mi," ó wí, "ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí Bàbá wò."

"Bí mo bá ti parí iṣẹ́ ilé ìwòsàn yìí báyìí, Mà."

Nọ́ọ̀sì àgbà wò ó nínú díńgí. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn náà parí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Òmíràn dé tẹ̀ lé e.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló wá tú aṣọ lójú ọ̀rọ̀. Ó wá kí wọn ní oṣù kọkànlá, ó wọlé gba ẹ̀yìn, ó kí bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti ìdí ilẹ̀kùn, bàbá kò mira. Ó sún mọ́ ọn, ó tún kí i. Ìgbà tó fọwọ́ kàn án léjìká ni bàbá tó ta gìrì, tó sì fọwọ́ wá ojú rẹ̀ láti mọ ẹni tó jẹ́. Àbúrò jáde wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ.

"Àǹtí mi, Bàbá ò gbọ́ràn."

"Íápíìsì ló wà létí wọn."

"Wọ́n ti yọ íápíìsì kí n tó dé. Ọrùn wọn ló wà."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ náà ṣì ń lọ. Ó rán ojú kan náà kọjá ibi tó yẹ kó dúró, òwú sì gba inú àpò kọjá.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà elétí. Wọ́n mú un wọ yàrá kékeré kan tí ògiri rẹ̀ nípọn, wọ́n ní kó máa gbé ọwọ́ sókè nígbàkúùgbà tó bá gbọ́ ìró. Àwọn ọmọ méjèèjì ń wò ó láti ojú gíláàsì. Dókítà ń tẹ nǹkan, ó ń kọ nǹkan, bàbá sì jókòó, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan, ó dúró bí ẹni ń retí kí wọ́n pe orúkọ òun. Ó pẹ́ kí ọwọ́ náà tó gòkè. Ó gòkè lẹ́ẹ̀mẹrin péré.

Nígbà tí wọ́n jókòó, dókítà ṣàlàyé. Etí ọ̀tún, ọjọ́ orí ló ń bá a jà, ó sì ku bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìgbọ́ràn rẹ̀. Òsì ló yàtọ̀. Nǹkan kan ti hù sẹ́yìn awọ etí náà, ó sì ti jẹ àwọn egungun kéékèèké inú rẹ̀.

"Iṣẹ́ abẹ kékeré là bá fi mú un kúrò nígbà tó bẹ̀rẹ̀," ni dókítà wí. "Ní báyìí, a lè dá a dúró kó má tàn kálẹ̀. Ìgbọ́ràn tó ti lọ ò ní padà." Ó gbé ojú sókè. "Ta ló ń bá wọn gbé?"

"Èmi ni," Àǹtí Yunifọ́ọ̀mù dáhùn.

"Wọn ò ráhùn rí? Wọn ò sọ pé àwọn ò gbọ́ràn dáadáa?"

"Wọn ò sọ fún mi," ó wí. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ti mọ̀ pé kò pé.

Nígbà tí wọ́n délé, àbúrò ṣí kọ̀ǹpútà bàbá láti wo bí ohùn náà ṣe ga tó. Ó ti dé òkè pátápátá. Ó rí ibi tí bùráúsà kó gbogbo ìjábọ̀ bàbá sí, ó kà á, ó jẹ́ igba ó lé mẹ́rìnlá. Ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ímeèlì wo ni wọ́n fi forúkọ sílẹ̀. Ó sọ ọ́. Ímeèlì tí kò wúlò fún nǹkan kan ni, tó fi ń gba ìpolówó òwú àti ẹ̀rọ, tó ti tó ọdún kan tí kò wò. Wọ́n ṣí i. Láàárín ìpolówó òwú, lẹ́tà mọ́kànlélógójì wà níbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ bùráúsà, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà.

Àbúrò dìde. "Mo fẹ́ lọ wo Bàbá," ó wí, ó sì fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn lẹ́tà náà. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Àwọn ìjábọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ pa á lẹ́rìn-ín. Gbogbo rẹ̀ ni àmì orí ọ̀rọ̀ àti kọ́mà. Bàbá tilẹ̀ sọ fún wọn lọ́jọ́ kan pé ohùn wọn ń ka ìròyìn ikú bí ẹni ń ka iye aṣọ tó wà lórí okùn, pé ọmọ òun kì í kà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé oṣù kẹrin, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́. Ohùn yín ti ń lọ sílẹ̀. Mo ti gbé e dé ibi tó lè dé."

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà: "Mi ò gbọ́ s àti f mọ́ lẹ́nu yín. Ẹ wádìí bóyá ẹnì kan fọwọ́ kan nǹkan."

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà: "Mo ti wá a dé ìdí. Apá òsì ló burú jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo apá òsì bùráúsà yín, ibẹ̀ ni ohùn ti ń jò dànù."

Ó ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá rẹ̀, tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wá àṣìṣe nínú iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn, kò tíì rò ó rí pé òun fúnra òun ni àṣìṣe náà wà lára.

Ẹnjiníà kan ló ń dá a lóhùn níbẹ̀, ọkùnrin tí kò mọ̀ rí, tó ń pe bàbá ní Bàbá. "A ti wò ó, Bàbá," ó kọ. "Ohùn náà ò yí padà lọ́dọ̀ wa. Ṣé ẹlòmíràn nínú ilé lè gbọ́ ọ, kó sì sọ fún wa?" Kò rí èsì. Ó kọ òmíràn, kò rí èsì. Lẹ́tà kẹta kì í ṣe ti bàbá mọ́: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ímeèlì yìí, ẹ má bínú, mi ò mọ̀ yín. Mi ò rò pé bùráúsà wa ló ní ìṣòro. Mo bẹ̀ yín, ẹ mú wọn lọ kí wọ́n yẹ etí wọn wò, pàápàá òsì. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ìyá mi rí." Ó wo ọjọ́ tó wà lókè lẹ́tà náà. Ó ti lé ní oṣù mẹ́fà.

Ó sì tún ka ìjábọ̀ tí bàbá sọ lọ́jọ́ kejì ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni ò ní kó sọ: "Ẹ má bínú pé ẹ̀yin ni mò ń yọ lẹ́nu lójoojúmọ́. Ọmọ mi níṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́, mi ò fẹ́ dí i lọ́wọ́. Bó bá ráyè, á wá gbọ́ ọ fún wa."

Àgbà ìlú pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀. Ó jókòó níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ń kan ilẹ̀kùn, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ohun tó ń gún un lọ́kàn jù kì í ṣe pé kò mọ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún un pé ohùn ń lọ sílẹ̀, òun sì ní kí bàbá lọ sọ fún àwọn àjèjì. Àwọn àjèjì gbọ́. Òun tó wà nínú ilé ló ra tìmùtìmù bò ó létí.

Kò fi pamọ́ fún bàbá rẹ̀. Nígbà tí àbúrò ti lọ sinmi, ó fa àga rẹ̀ sí apá ọ̀tún bàbá, ó fẹnu sún mọ́ etí tó kù, ó sì sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, gbólóhùn kan, á dúró, gbólóhùn míì. Nípa ímeèlì, nípa lẹ́tà, nípa ẹnjiníà, nípa oṣù mẹ́fà. Bàbá ń fojú sí ilẹ̀, ó ń gbọ́.

"Ọjọ́ wo ló kọ ọ́?" bàbá bi í.

Ó sọ ọjọ́ náà.

Bàbá fi ìka ka àwọn oṣù náà lórí itan rẹ̀. "Nílé iṣẹ́ wa," ó wí, "bí àṣìṣe bá ti jáde, a kì í lè pè é padà. Ọjọ́ kejì la máa ń tọrọ àforíjì, nísàlẹ̀ ojú ìwé kejì, ní lẹ́tà kékeré."

"Ẹ foríjì mí, Bàbá."

"Mo ti gbọ́." Ó nawọ́ wá ọwọ́ rẹ̀, ó rí i, ó dì í mú. "Ẹnikẹ́ni kì í ka ojú ìwé kejì yẹn o. Ṣùgbọ́n a máa ń tẹ̀ ẹ́."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín bí bàbá ṣe fẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Kò rí i ṣe.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ etí òsì, ohun tó ń jẹ ẹ́ sì dúró. Wọ́n ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún ọ̀tún. Bàbá ò fẹ́ràn rẹ̀, ó ní ó máa ń súfèé bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́, ó sì máa ń yọ ọ́ láàárọ̀. Ẹ̀dà ìdánwò bùráúsà náà parí lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ojúlówó síta, wọ́n sì yọ ibi tí èèyàn ti ń sọ àṣìṣe kúrò. Àwọn tó ń lò ó sọ pé ohùn rẹ̀ dára púpọ̀, pé kò sí bó ṣe kà á tí kò yéni. Àǹtí Yunifọ́ọ̀mù kọ̀wé sí ẹnjiníà náà láti dúpẹ́. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, nítorí kò mọ bí èèyàn ṣe ń dúpẹ́ fún ohun tí kò gbà. Ọkùnrin náà fèsì ní ìlà méjì. Ó ní kó bá òun kí Bàbá, pé kò sẹ́ni tó bá àwọn ṣiṣẹ́ tó Bàbá.

Ó lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn iwájú pé òun kì í gba oníbàárà láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà. Àwọn kan bínú, wọ́n lọ sọ́dọ̀ aránṣọ mìíràn. Àwọn tó kù kọ́ bí wọ́n á ṣe máa dúró. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, ó ń kàwé fún bàbá rẹ̀ sínú etí ọ̀tún, ó ń gé ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ bí ẹni ń gé oúnjẹ fún aláìsàn. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ń kà báyìí, ó sì máa ń gbà wọ́n ní gbogbo wákàtí méjèèjì. Bàbá kì í dá a dúró lórí kọ́mà mọ́. Gbogbo agbára rẹ̀ ló fi ń wá ọ̀rọ̀ náà mú, kò sí èyí tó kù fún àmì. Kì í sì í bá a jiyàn. Á gbọ́ gbólóhùn kan, á mi orí, á dúró de òmíràn.

Nígbà mìíràn, bó bá kà á tán, á máa wo ojú bàbá rẹ̀ bóyá ohun tó kà ti wọlé. Kì í bi í léèrè pé báwo ni ohun tó gbọ́ ṣe pọ̀ tó. Ìdáhùn ló ń bẹ̀rù. Á pa kọ̀ǹpútà dé, á bu omi fún un, wọ́n á sì jókòó síbẹ̀ papọ̀ títí aago á fi lu mẹ́fà, kó tó padà sí iwájú lọ ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ń dúró.